Kí Ni Wọ́n Bi Í?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní oṣù keje ọdún 2019. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lágbègbè Ìtòrò, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mò ń retí kí ó kàn mí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ gbé fóònù sókè, ó ní kí gbogbo wa wá wo nǹkan. Fídíò kékeré kan ni. Àgbà adájọ́ kan ń bẹ níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ ní Àbújá, ó ń ṣàlàyé ohun tí tẹkiníkálítì jẹ́. Ó ní ohun tó bá gba ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi òun nípa ọkọ̀ òfurufú, òun kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Pé bí a bá jókòó sínú ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n wá kéde pé òun, Adájọ́ Tanko, ni yóò wà á, ó dá òun lójú pé a máa sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹ̀rín pa wá débi pé onígbàjámọ̀ ní láti gbé ẹ̀rọ kúrò lórí ẹni tó ń gé irun fún, kí ó má baà ba orí olórí jẹ́. A ní kí ọmọ náà tún un gbé sí i. Ó tún un gbé sí i. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn ará Òkè-Ọya jẹ, a tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Ìjẹ̀bú tí ará Ìbàdàn ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun náà ló wá ń fi ohùn ará Bauchi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí.

Bàbá kan wà nídìí ilẹ̀kùn tí kò rẹ́rìn-ín. Babaláwo ni, ó wá fá orí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni wọ́n bi í?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ni fóònù fa fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Orí ìdáhùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gé e kò gé ìbéèrè mọ́ ọn. Bàbá ní, "Ẹ gbọ́ odù, ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá Ifá." Ó jókòó sórí àga, ó gbé orí rẹ̀ fún onígbàjámọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì kò ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá ti lọ dá Ifá rí mọ ohun tí Bàbá ní lọ́kàn. Bí o bá dé iwájú babaláwo, o kì í ka ẹjọ́ rẹ fún un. Owó lo máa mú, wàá gbé e súnmọ́ ẹnu, wàá fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn sí i, wàá gbé e sílẹ̀. Babaláwo kò gbọ́. Yóò lu ìkin mẹ́rìndínlógún rẹ̀, tàbí kí ó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan nínú odù 256 yóò yọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ohun tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde lè jẹ́ ìtàn ẹyẹ, ó lè jẹ́ ti odò tó ń bá òkè jà, ó lè jẹ́ ti elégédé. Nínú Ọ̀bàrà Méjì, elégédé ni wọ́n pín fún àwọn odù ní ilé Olófin. Àwọn yòókù fojú tín-ín-rín tiwọn, Ọ̀bàrà tí ìyà ń jẹ ló gbà á, ohun tó sì bá nínú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Àlejò tó bá yọjú ní fèrèsé, tó gbọ́ ìtàn elégédé lásán, yóò rò pé orí bàbá yìí ti dàrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ kan tí kò wù ú lọ̀, yóò gbọ́ ọ, ara rẹ̀ yóò bù máṣọ. Yóò ní, "Bàbá, ẹ dúró lórí ẹsẹ yìí." Ìbéèrè tó sọ sí owó ló ṣí ìtàn náà fún un. Àlejò tó wà ní fèrèsé kò ní ìbéèrè, ẹ̀rín nìkan ló kù fún un.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìbéèrè tí wọ́n bi Adájọ́ Ibrahim Tanko Muhammad kí n tó rí i.

Kí n tó sọ ọ́, ó yẹ kí á rántí bí àga tí wọ́n ní kó wá jókòó lé ṣe gbóná tó. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tí ìbò ààrẹ kù fẹ́ẹ́rẹ́, Ààrẹ Buhari dá Adájọ́ Àgbà Walter Onnoghen dúró lórí ẹ̀sùn pé kò kéde gbogbo dúkìá rẹ̀, ó sì búra fún Tanko lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí adelé. Ní oṣù kẹrin, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá Onnoghen lẹ́bi. (Ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn, nígbà tí àga ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́.) Nítorí náà, nígbà tí Tanko fi máa dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní ọjọ́ 17 oṣù keje fún ìfìdímúlẹ̀, àwọn kan ti pinnu pé olè ni, àwọn kan sì ti pinnu pé tiwọn ni. Ẹ̀rín tí a rín ní ṣọ́ọ̀bù ti wà nínú wa kí ó tó lanu.

Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe láti ìpínlẹ̀ Abia, olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò, ló bi í. Ìbéèrè náà ní orí, ó ní ìrù, ilẹ̀ Yorùbá sì ni orí àti ìrù rẹ̀ wà. Orí rẹ̀ wà ní Oǹdó: nínú ẹjọ́ Akeredolu àti Abraham, ní ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé kò dára kí á fi tẹkiníkálítì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdájọ́ òdodo, pé ó sàn kí á gbọ́ ẹjọ́ dé ìdí rẹ̀ ju kí ẹnì kan fi ìlànà lásán gba àre. Ìrù rẹ̀ wà ní Ọ̀ṣun: ilé ẹjọ́ kan náà wá fi tẹkiníkálítì dá ẹjọ́ Adeleke àti Oyetola. Abaribe fẹ́ mọ èwo ni kí á mú, èwo ni kí á fi sílẹ̀.

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ òfurufú nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ ní Ọ̀ṣun, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sanra sí. Ìbò gómìnà ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Ademola Adeleke fi ìbò 353 ṣáájú. Àjọ elétò ìbò ní ìbò náà kò tíì parí. Wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó méje, Gboyega Oyetola sì fi ìbò 482 borí. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìgbìmọ̀ adájọ́ mẹ́ta tó gbọ́ ẹjọ́ ìbò náà dá Adeleke láre, méjì sí ọ̀kan. Adájọ́ Peter Obiora ló kọ ìdájọ́ náà. Ìgbà tí ẹjọ́ dé òkè ni wọ́n gbé e jáde pé ní ọjọ́ 6 oṣù kejì, nígbà tí ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí lọ́wọ́, Obiora kò sí ní ìjókòó. Ọjọ́ kan péré. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, Adájọ́ Bode Rhodes-Vivour ka ìdájọ́ ọ̀pọ̀ nínú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ: nítorí ọjọ́ kan yẹn, ìdájọ́ tí Obiora kọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn adájọ́ márùn-ún, òun náà nínú wọn, fara mọ́ ọn, méjì, Akaahs àti Galumje, kò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà ni Tanko dé iwájú Abaribe.

Mo mọ ohun tó ń dun àwọn ará Ẹdẹ, ìlú Adeleke. Ta ló ní kí adájọ́ má wá síbi iṣẹ́? Ṣé olùdìbò ni? Ẹni tó tò nínú oòrùn kó tó tẹ̀ka ni wọ́n jẹ níyà nítorí ẹsẹ̀ adájọ́ tí kò dé ibi tó yẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní tẹkiníkálítì yìí dáadáa. Nígbà tí mo lọ sí ilé Bàbá lọ́sẹ̀ kejì, tí mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, kò jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Ìwọ náà wò ó. Bí mo bá da ìyẹ̀rosùn sórí ọpọ́n, tí mo lu ìkin, bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi mo tẹ méjì, bí méjì bá ṣẹ́kù mo tẹ ọ̀kan. Awo tó wà nídìí ọpọ́n rí i. Bí mo bá ti nu ọpọ́n, ta ni yóò tún rí i? Awo tó dé lẹ́yìn ìyẹn, tó bá ní òun fẹ́ ka ojú odù, kí ló fẹ́ kà?"

Mo ní, "Bàbá, ó ní ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sí. Ó lè kà á."

Ó ní ṣé ìwé náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí gbé itọ́ mì kó tó dáhùn?

N kò ní èsì. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ìdájọ́ Ọ̀ṣun tọ́, nítorí pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ adájọ́ kò yẹ kó já lé olùpẹjọ́ lórí. Kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ẹni tó pè é ní tẹkiníkálítì lásán kò tíì ronú dé ìdí. Kí adájọ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀, òun gan-an ni ìdájọ́.

Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ Tanko nìyẹn, ó sì wà nítòsí bí iyọ̀ ṣe ń wà nítòsí ọbẹ̀. Gbólóhùn kan ì bá tó o: pé ẹjọ́ Oǹdó yàtọ̀ sí ti Ọ̀ṣun, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀rí kò lè dá ẹjọ́ ẹ̀rí. A lè gbà, a lè kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ì bá wà nílẹ̀ tí a óò máa jà lé lórí. Ó fi í sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dé orí òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ibẹ̀ ni tẹkiníkálítì ti wá, ó tibẹ̀ gba pápákọ̀ òfurufú lọ. (Àwa Ìjẹ̀bú kò jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì o. Wọ́n fi ìbọn gbé e wọlé tọ̀ wá ní Ìmàgbọ̀n, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà wa, ló ń dá ẹjọ́ ńláńlá ní ìlú yìí ṣáájú ìgbà náà.)

Ìká Òfún ni Bàbá mú wá sí ọ̀rọ̀ yìí. Odù náà sọ̀rọ̀ àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún tó fẹ́ ẹ̀mí gígùn. Wọ́n ka èèwọ̀ fún wọn, mẹ́rìndínlógún. Kí wọ́n má fi orúkọ ohun kan pe òmíràn, ìyẹn ni pé kí wọ́n má sọ ohun tí wọn kò mọ̀. Kí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ nínú wọn má ṣe kó sódò. Àwọn yòókù ń bẹ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbọ́, wọ́n padà sílé, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣe. Ikú dé. Wọ́n wá ń pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn.

Mo rò pé Bàbá fẹ́ fi odù náà bá Tanko wí ni. Rárá. Ó ní ibi tí gbogbo yín ti rẹ́rìn-ín yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ọkùnrin náà ti pa èèwọ̀ mọ́. Ó ní òun kò mọ ọkọ̀ òfurufú wà. Òótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n wà. Mélòó nínú àwọn àgbà wa ló lè dúró níwájú ayé kí ó ní òun kò mọ nǹkan kan? Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé odò tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni wọ́n ní kí ó wọ̀, òun wá ń sọ̀rọ̀ odò mìíràn. Òfin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀ṣun ni wọ́n bi í.

Bí mo ti ń kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, nítorí mo rí i pé Obiora kọ́ ni adájọ́ kan ṣoṣo tí kò sí ní ìjókòó. A jẹ́ mẹ́jọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. A kò gbọ́ ìbéèrè, a kò gbọ́ ìdáhùn dé òpin, ìṣẹ́jú kan péré ni a wò, a sì ti dá ẹjọ́ kí onígbàjámọ̀ tó gé irun ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tán. Àwa kan náà yìí ló ń bínú pé adájọ́ kan pa ọjọ́ kan jẹ.

Wọ́n á ní kí ni Ìjẹ̀bú òde òní fẹ́ fi Ifá ṣe. Ẹ lọ ka orúkọ tó wà lára pátákó àwọn lọ́yà, dókítà àti pásítọ̀ ní ìlú yìí: Odùsànyà, Odùkọ̀yà, Odùnúgà, Awófẹ̀sọ̀. A ti kúrò nídìí ọpọ́n, odù kò kúrò lórí wa.

Kì í sì í ṣe Tanko ló kọ́kọ́ fi tẹkiníkálítì han ilé wa. Bàbá tó bí mi kò lè gbọ́ "méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta" títí ó fi kú kí inú rẹ̀ má ru. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gba ìṣirò iye ìpínlẹ̀ yẹn wọlé nínú ẹjọ́ ìbò ààrẹ láàárín Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nẹ́ àti Shagari. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ ọ́. Bàbá mi lè ka ohun tí Ẹ̀ṣọ́ sọ fún ọ bí ẹni ń ki oríkì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ ohun tí àwọn adájọ́ yòókù fi ti ìdájọ́ wọn lẹ́yìn. Kò kà á. Ó ní irọ́ kì í ṣe ohun tí à ń kà.

Ní Amẹ́ríkà náà, irú ìjókòó ìfìdímúlẹ̀ tí Tanko jókòó sí ti pín ilé sí méjì. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston pè mí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, lọ́jọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christine Blasey Ford jẹ́rìí ta ko Brett Kavanaugh, tí wọ́n yàn fún Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn, níwájú àwọn aṣòfin, pé ó fipá dì mọ́ òun nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, Kavanaugh sì ní irọ́ ni. Àbúrò mi ní àwọn obìnrin ń sunkún níbi iṣẹ́ òun, àwọn ọkùnrin kan sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Ní ọdún 1991, ọkùnrin mẹ́rìnlá ló jókòó gbọ́ ẹ̀rí Anita Hill lórí Clarence Thomas, kò sí obìnrin kan láàárín wọn. Ìbò 52 sí 48 ló gbé Thomas wọlé. 50 sí 48 ló gbé Kavanaugh.

Ọ̀ṣẹ́tùrá ló ń bá irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún sọ̀kalẹ̀ wá tún ayé ṣe, òrìṣà Ọ̀ṣun ni ìkẹtàdínlógún, wọn kò pè é sí ìgbìmọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ohun tó bi wọ́n ni pé obìnrin tó wà láàárín wọn ńkọ́. Àwọn kan ń túmọ̀ odù yìí sí pé ohun tí obìnrin bá ti wí, abẹ gé e. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ tí kò tíì gbọ́ tirẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

Ṣé Ifá ní ìjókòó ìfìdímúlẹ̀ tirẹ̀? Ó ní. Ẹ lọ síbi ọdún Ifá nígbà tí àwọn awo bá péjọ tí wọ́n ń sun ìyẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ló máa ń lé e, àwọn yòókù á máa gbè é. Bí ó bá ti já ìlà kan tí ó tọ́, wọ́n á ní "hán-ìn". Ìlà mìíràn, "hán-ìn". Bí ó bá fò, bí ó bá fi ọ̀rọ̀ odù kan bọ òmíràn, ẹnu wọn á yí padà, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbọ́dọ̀ padà sí ibi tó ti ṣìnà. Bí ó bá tún ṣìnà níbẹ̀, wọ́n á dá a dúró, ìtìjú rẹ̀ á sì wà lójú gbogbo awo. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń làágùn nídìí ìyẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé àwọn tó ń gbè é kì í ṣe òǹwòran. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "bẹ́ẹ̀ kọ́" gbọ́dọ̀ mọ ìlà tó kàn. Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà ní Àbújá. Ọ̀kan nínú wọn mọ ìlà tó kàn, ó bi í. Ìdáhùn fò kọjá ìlà náà, ilé sì fìdí Tanko múlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé yẹn ti ní àṣà pé kí ẹni tí wọ́n mọ̀ rí tẹrí ba kí ó máa lọ. Ẹnu tó ti mọ́ àṣà báyẹn lára, "hán-ìn" nìkan ló kù tó lè sọ.

Àwa tó wà níta ńkọ́? Ẹ̀rín la fi dáhùn. Ẹ̀rín kò lè dá akìfá padà sí ìlà tó fò. Ó tilẹ̀ ṣe é lóore, nítorí gbogbo Nàìjíríà sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí ẹni tó tún bi í nípa Oǹdó àti Ọ̀ṣun.

Tanko fi àga sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2022, ó ní ara òun kò yá. Ṣáájú ìyẹn, àwọn adájọ́ mẹ́rìnlá ní ilé ẹjọ́ rẹ̀ ti kọ̀wé ẹ̀hónú sí i lórí ipò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Adeleke tún jáde, ó wọlé, wọ́n búra fún un ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Olúkáyọ̀dé Aríwoọlá ọmọ Ìsẹ́yìn jẹ Adájọ́ Àgbà, ó lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 àwọn sẹ́nétọ̀ fìdí Kudirat Kekere-Ekun múlẹ̀, obìnrin kejì tó máa dé ipò náà. Mo ti bi èèyàn tó pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi í lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó rántí. Kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, nítorí náà a kò gbọ́ ọ.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, lọ́nà Fólágbadé. Nígbà tí mo lọ gé irun lọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo ní kí ó bá mi wá fídíò náà. Ó ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Orí ìdáhùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀.